Ògbólógbòó Ọkọ̀ Amẹ́ríkà Lọ́wọ́ Àwọn Ọlọ́gbọ́n Irin

Ẹni tó bá gba òpópónà Ìkòròdú láti Kétu lọ sí Mile 12, tó sì yà sí ọ̀nà Ìkòsì ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú, yóò gbọ́ ìró òòlù lára irin kí ó tó rí ẹni tó ń lù ú. Nítorí pé láàárín àwọn aláta tó ń já àpò, àwọn ọmọ ọkọ̀ tó ń pe èrò, àti àwọn alábàárù tó ń sáré kiri ojú ọjà, àwọn kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé irin ni wọ́n ń bá ṣeré láti àárọ̀ ṣúlẹ̀: mẹkáníìkì, pánẹ́ẹ̀lì-bítà, rewáyà, àwọn tó ń kun ọ̀dà, àti àwọn ọmọ iṣẹ́ tó yí wọn ká. Ọkọ̀ Japan àti ti Jámánì tí a kó wọlé ní tòkúńbọ̀ ló pọ̀ jù nínú èyí tó ń dé ọ̀dọ̀ wọn, olówó rẹ̀ a sì máa dúró ti wọ́n lórí pé kí wọ́n parí rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni a ń rí ọkọ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀ kan, Chevrolet tàbí Pontiac, tó ti jókòó sí ẹ̀yìnkùlé bàbá olóògbé kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí àwọn ọmọ bàbá náà wá ní àwọn fẹ́ kí ó tún rí bí ó ti rí nígbà tí bàbá wọn ń fi í lọ sóde. Irú iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ ṣàlàyé, nítorí ó yàtọ̀ sí àtúnṣe ojoojúmọ́. Ẹni tó ń tún ọkọ̀ ṣe lásán ń wá ohun tí yóò mú un rìn. Ẹni tó fẹ́ dá ògbólógbòó ọkọ̀ padà sí ipò rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí gbogbo ọwọ́ tó ti kàn án ṣáájú ti ṣe sí i, kí ó tó fi ọwọ́ tirẹ̀ kàn án.

Kì í ṣe àná ni ọkọ̀ Amẹ́ríkà wọ ilẹ̀ wa. Láti ọdún 1908 títí di 1927 ni ilé-iṣẹ́ Ford fi ń ṣe ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Model T, iye tí wọ́n ṣe sì lé ní mílíọ̀nù 15 kí wọ́n tó dáwọ́ dúró. Ọkọ̀ náà fúyẹ́, ó ga nílẹ̀, ẹni tó bá sì mọ òòlù àti wáyà lò lè tún un ṣe lábẹ́ igi. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ní àwọn ọdún 1920, nígbà tí ọ̀nà ọkọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣì jẹ́ yẹ̀pẹ̀ pupa, tí afárá rẹ̀ sì jẹ́ pákó tí a tò sórí ìtì igi, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù fúfúyẹ́ ti Ford àti ti Chevrolet ń kọjá níbi tí àwọn akẹ́rù wúwo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń rì. Ní Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n, ọmọ ilẹ̀ wa kan tó ń jẹ́ W. A. Dawodu wà lára àwọn aṣáájú tó ń kó ọkọ̀ wọlé tà, tó sì ń tún un ṣe, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Láyé ìgbà yẹn, ṣáàsì níhòòhò ni ọ̀pọ̀ akẹ́rù ń bá ọkọ̀ ojú omi dé, àwọn káfíńtà ilẹ̀ wa ni wọ́n ń fi pákó kan ara lé e lórí, títí tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fi di bọ̀lẹ̀kájà tí àwọn bàbá wa gùn; nígbà tó sì yá, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn nínú iṣẹ́ fi irin kan ara mólùè lé ṣáàsì Mercedes 911. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ọmọ Èkó kò mọ bí a ti ń ṣe ara ọkọ̀, onítọ̀hún kò mọ ìtàn.

Lẹ́yìn ogun Hitler ni àwọn ọkọ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ wá di ohun àmúyangàn fún àwọn agbẹjọ́rò, àwọn olówó kòkó àti àwọn òṣèlú. Chevrolet gbé ẹ́ńjìnnì V8 rẹ̀ tó lókìkí jáde ní 1955, Impala tẹ̀lé e ní 1958, ìrù ọkọ̀ Cadillac ti 1959 sì yọ sókè ṣóńṣó débi pé gbogbo ayé ló ń yà á ní fọ́tò. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ni a ń tọ̀ ní Nàìjíríà nígbà náà. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni ìjọba yí gbogbo ọkọ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ìdarí rẹ̀ wà lápá ọ̀tún sì di èyí tí olówó rẹ̀ ń tà tàbí tí ó ń ní kí mẹkáníìkì gbé ìdarí rẹ̀ lọ sí apá kejì. Nígbà tó di 1975, tí Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Kàdúná, tí Volkswagen náà sì bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀jọ́ lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, àwọn Ìjàpá Volkswagen kéékèèké tí kì í mu pẹtiróòlù púpọ̀ gba ojú títì, àwọn àgbà ọkọ̀ Amẹ́ríkà sì wọ ẹ̀yìnkùlé lọ.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ọ̀gá tó mọṣẹ́ kì í kọ́kọ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì bí wọ́n bá wọ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dé. Mo ti dúró ti ọ̀kan nínú wọn rí ní Ìkòsì, tó yọ òòfà lára ẹ̀rọ ìgbohùnsókè kan tó ti bàjẹ́, tó fi aṣọ tín-ín-rín dì í kí ó má baà ha ọ̀dà, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi í rin ara ọkọ̀ náà láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn dé orí táyà ẹ̀yìn. Níbi tí irin gidi bá wà, òòfà náà a lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́; níbi tí ẹnì kan ti fi bọ́dì-fílà dí ihò, a já bọ́ sí i lọ́wọ́. Ibi gbogbo tó ti já bọ́ ni ó fi ẹfun sàmì sí, nígbà tó sì máa fi yí ọkọ̀ náà ká tán, àmì ẹfun tó wà lára rẹ̀ ti pọ̀ ju ibi tí kò ní àmì lọ. Olówó ọkọ̀ náà ti rò pé ọ̀dà nìkan ni yóò san owó rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni yóò wo pátákó irin kékeré tí wọ́n kàn mọ́ iwájú gíláàsì lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Lára ọkọ̀ tí General Motors ṣe láyé ọjọ́un, ilé-iṣẹ́ Fisher Body ló máa ń kan pátákó yìí mọ́ ọn, nọ́ńbà ara rẹ̀ a sì sọ irú ara tí ọkọ̀ náà ní, ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún nílé-iṣẹ́, àti awọ tí wọ́n fi ṣe ìjókòó rẹ̀. Ọkọ̀ tó dúdú lónìí lè jẹ́ aláwọ̀ búlúù òun funfun nígbà tó jáde. Yóò tún wo ògiri irin tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ awakọ̀. Bí ó bá rí ihò róbótó kan tí wọ́n fi irin pélébé dí lápá ọ̀tún, tí ìdarí sì wà lápá òsì, ó ti mọ̀ pé ọkọ̀ náà wà lára àwọn tí wọ́n yí padà nítorí òfin 1972, àti pé kò sí ọgbọ́n nínú kí òun máa wá apá ìdarí tó bá ìwé ilé-iṣẹ́ mu.

Èyí mú ọ̀rọ̀ kan wá tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé gbé yẹ̀wò. Kì í ṣe gbogbo àpá ni ó yẹ kí a pa rẹ́. Ní Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Orílẹ̀-èdè ní Oníkan ní Èkó, ọkọ̀ Mercedes dúdú kan wà níbẹ̀, èyí tí Ọ̀gágun Murtala Muhammed wà nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n pa á ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1976. Ihò ọta ìbọn wà lára rẹ̀ títí di òní olónìí. Bí pánẹ́ẹ̀lì-bítà kan bá dí àwọn ihò náà, tó sì kùn ún títí ó fi ń dán gbinrin, ọkọ̀ náà yóò lẹ́wà, ìtàn rẹ̀ yóò sì ti kú. Ọkọ̀ bàbá olóògbé kan kò tó ti olórí orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n ìdarí tí a yí ní 1972, tàbí àmì ẹgbẹ́ tí bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn mọ́ iwájú ọkọ̀, jẹ́ ohun tó yẹ kí a bi àwọn ọmọ rẹ̀ léèrè kí a tó yọ ọ́ dànù.

Nígbà tí a bá ti wò ó tán ni a ó wá tú u. Bóòtù kọ̀ọ̀kan ń wọ inú agolo mílíìkì tirẹ̀, pẹ̀lú bébà tí a kọ ibi tí a ti yọ ọ́ sí. Àwọn ọmọ iṣẹ́ òde òní sì ń fi fóònù ya àwòrán gbogbo rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, ọgbọ́n tí àwọn ọ̀gá wọn kò ní nígbà tiwọn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọ̀rọ̀ sípánà ni ó ń dá wàhálà sílẹ̀ jù níbi iṣẹ́ yìí. Íǹṣì ni àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń wọn bóòtù wọn nígbà náà, bẹ́ẹ̀ sì ni mìlímítà ni sípánà tó kún àpótí mẹkáníìkì wa: 10, 12, 13, 14, 17, 19. Nọ́ọ̀tì ìdajì íǹṣì jẹ́ mìlímítà 12.7, ọmọ iṣẹ́ tó bá fi sípánà 13 mú un yóò rò pé ó ti wọ̀, àfi ìgbà tó bá fi agbára fà á tí orí nọ́ọ̀tì náà yí róbótó, tí kò sí sípánà tó lè mú un mọ́ láyé. Èyí tí wọ́n ń pè ní 9/16 tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí 14 kò wọ̀ ọ́, 15 sì ń yọ̀ lára rẹ̀. Ọ̀gá tó gbọ́n yóò lọ ra sípánà íǹṣì kí ó tó gba iṣẹ́ náà, yóò fi ọ́ìlì rin bóòtù tó ti dípẹtà fún ọjọ́ díẹ̀, yóò sì fi iná yá a díẹ̀díẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì. Èyí tó ti dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, òjò tó gba inú kábúrétọ̀ wọlé ti jẹ́ kí òrùka písítìnnì rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ihò tó ń rìn nínú rẹ̀. Ìwà wàdùwàdù tó ń ba irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ jẹ́ ni kí a gbé bátìrì tuntun sí i kí a sì yí kọ́kọ́rọ́. Ohun tó tọ́ ni kí a tú púlọ́ọ̀gì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, kí a da kẹrosíìnì àti ọ́ìlì pípò sínú ihò kọ̀ọ̀kan, kí a fi í sílẹ̀ kí ó mu ún dáadáa, kí a wá fi sípánà tó ní ọwọ́ gígùn yí kíránkì pẹ̀lú ọwọ́, síwájú díẹ̀, sẹ́yìn díẹ̀, títí yóò fi jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Mo ti rí i tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ kan tú ohun tí wọn ìbá fi ìṣẹ́jú kan fọ́.

Bí ó bá ti ń yí, a ó tú u palẹ̀ kí a sì fi irin ìwọ̀n wọn ihò písítìnnì rẹ̀, nítorí pé òkè ihò náà ni ó máa ń jẹ ju ìsàlẹ̀ lọ. Bí ó bá ti jẹ púpọ̀, ilé léèdì ni yóò lọ, níbi tí wọn yóò ti gbẹ́ ihò náà fẹ̀ sí i, ó sábà máa ń jẹ́ ìdá 30 nínú ẹgbẹ̀rún íǹṣì kan, kí wọ́n lè fi písítìnnì tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ sí i. Ọ̀gá tó ti jìyà rí kì í jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ẹ kí písítìnnì tó dé ọwọ́ rẹ̀, nítorí ohun tí a ti gbẹ́ kúrò lára irin kò ṣeé dá padà, písítìnnì tí ẹni tó wà lókè òkun ṣèlérí sì lè má dé. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ fáàfù. Òjé wà nínú pẹtiróòlù nígbà tí wọ́n ṣe ọkọ̀ wọ̀nyí, òjé náà sì ń dáàbò bo ìjókòó fáàfù kí iná má baà jẹ ẹ́. Láti òpin ọdún 2005 ni àwọn orílẹ̀-èdè wa ní ìsàlẹ̀ Sàhárà ti jáwọ́ nínú títa irú pẹtiróòlù bẹ́ẹ̀, èyí tó dára fún ọpọlọ àwọn ọmọ wa. Nítorí bẹ́ẹ̀, nígbà tí orí ẹ́ńjìnnì bá wà ní ilé léèdì, ó yẹ kí a ní kí wọ́n fi òrùka irin líle sí ìjókòó fáàfù tó ń tú èéfín jáde.

Ibi tí àwọn àgbà mẹkáníìkì ti ń fi ara hàn ni ìdáná. Púlọ́ọ̀gì V8 ti Chevrolet ń tanná ní ìtẹ̀léra kan tí ọ̀gá ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ títí yóò fi mọ̀ ọ́n lórí: 1, 8, 4, 3, 6, 5, 7, 2. Bí wáyà méjì péré bá ṣi ilé lára dísíríbútọ̀, ẹ́ńjìnnì náà yóò máa wúkọ́ láti ẹnu kábúrétọ̀. Kọ́ńtáàtì-sẹ́ẹ̀tì tuntun gbọ́dọ̀ ya ẹnu ní ìwọ̀n ìdá 19 nínú ẹgbẹ̀rún íǹṣì. Ó kéré débi pé ojú lásán kò lè sọ ìwọ̀n rẹ̀ pàtó, géèjì ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń ṣe mẹkáníìkì lónìí, tó ń fi ẹ̀rọ ka àìsàn ọkọ̀ lára kọ̀ǹpútà rẹ̀, kò fojú kan kọ́ńtáàtì rí. Mi ò bú wọn, iṣẹ́ tó dé bá ọ̀dọ́ ni ọ̀dọ́ ń kọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi etí gbọ́ àìsàn kábúrétọ̀ ti ń darúgbó, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti lọ sí ilé tí kò sí àbọ̀.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì Toyota ni wọ́n ń gbé sínú irú ọkọ̀ yìí kí ara tù wọ́n. Bí olówó ọkọ̀ bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ ni. Ẹ̀bẹ̀ mi sí i ni pé kí ó má jẹ́ kí wọ́n gé ṣáàsì, kí ó sì di ẹ́ńjìnnì àtijọ́ náà pa mọ́ sí ibi gbígbẹ, torí ọmọ rẹ̀ lè fẹ́ dá a padà lọ́jọ́ iwájú.

Gbogbo èyí tí mo ti ń sọ, kékeré ni lára ìyà tí ìpẹtà ń fi jẹni. Ẹ́ńjìnnì ṣeé tú, ó ṣeé rà. Ara ọkọ̀ ni ara ọkọ̀. Ilẹ̀ Ìkòsì àti Kétu kò jìnnà sí Odò Ògùn, nígbà tí odò náà bá sì kún lásìkò òjò, pàápàá bí wọ́n bá ṣí omi ìdídò Ọ̀yán sílẹ̀ láti òkè, omi a dé àwọn àdúgbò tó wà ní ìsàlẹ̀, Ọwọ́dẹ̀ Onírin àti Agbóyìí, ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ níbẹ̀ a sì mu omi dé ìjókòó. Kì í ṣe ibi tí a ṣubú sí là á wò, ibi tí a ti yọ̀ là á wò. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ni ihò ti ń yọ, ṣùgbọ́n òkè ni omi ti wọlé: ewé tó já bọ́ sí iwájú gíláàsì ti dí ojú ihò tí omi ń gbà jáde, omi náà sì ń ṣàn wọ inú irin tó dà bí àpótí lábẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tó ti ń jẹ ẹ́ láti inú wá síta. Nígbà tí ọ̀dà bá fi ń wú lójú, inú ti jẹ tán. Ẹni tó bá wá ń fi bọ́dì-fílà dí irú ihò bẹ́ẹ̀ tó ń kùn ún lọ́dà ń fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

Irin tó ti jẹ ni kí a gé kúrò títí a ó fi dé ibi tó dán, kí a má ṣàánú rẹ̀. Ọmọ irin tí a ó fi rọ́pò rẹ̀, ara òrùlé tàbí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ mìíràn tó ti kú ni pánẹ́ẹ̀lì-bítà ti ń gé e. Yóò fi páálí wọn ìrísí rẹ̀, yóò gé irin náà, yóò sì tẹ̀ ẹ́ lórí páìpù tàbí lórí ojú irin relùwéè títí yóò fi bá ìtẹ̀ ara ọkọ̀ mu. Iná kábáìdì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò. Òkúta kábáìdì ni wọn yóò jù sínú omi nínú àgbá irin, afẹ́fẹ́ yóò ru jáde, yóò gba họ́òsì kọjá, yóò pàdé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn láti inú sílíńdà rẹ̀, iná búlúù tó mú hánhán yóò sì yọ lẹ́nu páìpù. Ewu wà níbẹ̀. Àgbá tí ẹnu rẹ̀ dí lè bú gbàù, mo sì rọ gbogbo ẹni tó ń lò ó pé kí wọ́n gbé e jìnnà sí iná, kí ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì gbọ́n má sì dá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Irin ara ọkọ̀ kò nípọn ju nǹkan bíi mìlímítà kan lọ, iná tó bá pọ̀ jù yóò sì mú kí ó ká sókè. Nítorí náà ni àgbà pánẹ́ẹ̀lì-bítà kì í fi jó o láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun lẹ́ẹ̀kan náà: yóò kàn án níhìn-ín, yóò fò lọ kàn án lọ́hùn-ún, yóò fi àkísà tútù bá a tu, yóò dúró kí ó tutù, kí ó tó padà wá kan àárín wọn. Lẹ́yìn èyí ni òòlù yóò wá sọ̀rọ̀. Yóò ti ọwọ́ òsì bọ ẹ̀yìn irin náà pẹ̀lú òkúta irin kékeré, yóò fi òòlù ọwọ́ ọ̀tún máa lù ú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ níwájú, yóò máa fi àtẹ́lẹwọ́ fọwọ́ ra á, nítorí ọwọ́ ń rí ibi tó ga tí ojú kò rí. Bí ó bá ṣe é dáadáa, bọ́dì-fílà tí yóò nílò kò ní nípọn ju mìlímítà méjì mẹ́ta lọ. Àwọn tó ń tún mólùè ṣe ni mo ti rí tí ọwọ́ wọn yá jù nínú iṣẹ́ yìí. Ọjọ́ gbogbo ni irin ń ya lára ọkọ̀ wọn, ọjọ́ gbogbo ni wọ́n sì ń dì í.

Ọ̀dà kùnkùn ní ìgbà tirẹ̀ ní Èkó, arómisá-lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀ tí afẹ́fẹ́ sì tutù, ọ̀dà tó ń yára gbẹ tí wọ́n fi ń kun ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ a fa omi mọ́ra, ojú rẹ̀ a sì funfun bí ẹni da ẹ̀kọ lé e. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku a máa bà lé e kí ó tó gbẹ. Nítorí bẹ́ẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe a máa dúró de oòrùn òwúrọ̀ lẹ́yìn òjò, a fi omi wọ́n ilẹ̀ kí eruku lè sùn, a sì kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ti bọ́ḿpà tó ń dán kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: bàbà ni a kọ́kọ́ fi bò ó, lẹ́yìn náà níkẹ́ẹ̀lì, kí kúróòmù tó bò wọ́n; omi oró sì ni omi tí a fi ń ṣe é, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dà á sínú gọ́tà.

Bíréèkì ni mo fẹ́ kí a má fi ṣeré. Kí ó tó di nǹkan bí ọdún 1967, ọ̀nà kan ṣoṣo ni omi bíréèkì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Amẹ́ríkà ń gbà dé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí họ́òsì kan bá bẹ́, gbogbo rẹ̀ ló lọ. Ọkọ̀ wọ̀nyí wúwo, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ọ̀jọ́ta kò sì mọ àgbà. Mo mọ̀ pé àwọn kan fẹ́ kí gbogbo nǹkan wà bí ilé-iṣẹ́ ti ṣe é, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ó yẹ kí a pín ọ̀nà omi náà sí méjì, ọ̀kan fún iwájú, ọ̀kan fún ẹ̀yìn, kí a sì pààrọ̀ gbogbo rọ́bà rẹ̀ láìku ẹyọ kan. Wáyà pẹ̀lú: aṣọ ni wọ́n fi wé ti àwọn ọkọ̀ tó dàgbà jù nínú wọn, aṣọ náà a sì ti jẹrà, rewáyà tó bá ń bá Chevrolet 1954 ṣe gbọ́dọ̀ rántí pé bátìrì fóòtì 6 ni ó ní, ti 1955 ni ó di 12.

Níbo wá ni a ti ń rí apá ọkọ̀ wọ̀nyí? Òfin ilẹ̀ wa kò gbà kí ẹnikẹ́ni kó ọkọ̀ àlòkù tó ti dàgbà púpọ̀ wọlé tà, nítorí náà èyí tó wà nílẹ̀ ni a ní. Ládípọ̀ ní Múṣín kún fún ti Japan. Ọwọ́dẹ̀ Onírin, tó wà nítòsí wa níhìn-ín, ni mo gbà pé ó dára jù fún ẹni tó ní sùúrù, nítorí àwọn oníṣòwò ibẹ̀ ń ra irin láìka ọjọ́ orí rẹ̀ sí, ẹni tó bá sì ń lọ síbẹ̀ déédéé lè rí ilẹ̀kùn kan lónìí, kí ó rí òrùka iná kan lọ́dún tó ń bọ̀. Bí a kò bá rí i, alágbẹ̀dẹ àti oníléèdì ni yóò ṣe é.

Àwọn ìbátan wa kan wà tí wọn kò ní ọ̀nà mìíràn rárá. Ní Cuba, níbi tí àwọn Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ ti di Lukumí, tí wọ́n sì ń bọ Ògún títí di òní, Amẹ́ríkà ti ilẹ̀kùn òwò mọ́ erékùṣù náà pátápátá ní 1962. Láti ìgbà náà ni àwọn mẹkáníìkì Havana ti ń mú kí Chevrolet, Buick àti Plymouth ti àwọn ọdún 1950 máa rìn, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì ilẹ̀ Rọ́ṣíà àti apá Lada tí wọ́n yí padà. Òfin ibẹ̀ sì jẹ́ kí àwọn ọkọ̀ àtijọ́ yìí níye lórí, nítorí kí ó tó di 2011, àwọn tó ti wà nílùú ṣáájú ìyípadà ìjọba 1959 nìkan ni èèyàn lè rà kí ó sì tà fàlàlà. Ọkọ̀ èrò ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n ń pè é ní almendrón. Kì í ṣe dídá padà sípò ni èyí, àtúnṣe onígbà-dégbà ni, síbẹ̀ kò sí ibòmíràn láyé tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ tó báyìí lójú títì. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àwọn ará Cuba ni wọ́n ní àkísà jù nínú gbogbo wa, wọ́n sì mọ̀ ọ́n rán.

Ògún lákáayé ni oníirin níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Ọ̀pọ̀ ilé mẹkáníìkì ní Èkó ṣì ní igun kan tí wọ́n ti ń rántí rẹ̀, kódà bí ọ̀gá náà bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Ọmọ iṣẹ́ ń lo ọdún mélòó kan lọ́dọ̀ ọ̀gá, ó ń fọ apá ẹ́ńjìnnì, ó ń lọ ra búrẹ́dì, ó ń di sípánà mú, kí ọjọ́ fírídọ̀ọ̀mù rẹ̀ tó pé tí wọn yóò gbàdúrà fún un. Ohun tí mo ń tọrọ ni pé kí àwọn ọ̀gá tó ṣì mọ kábúrétọ̀ mú ọmọ iṣẹ́ kan péré láàárín àwọn tó wà lọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n kọ́ ọ ní ti àtijọ́ mọ́ ti òde òní.

Ó ku ọjọ́ tí a ó tan án. Kí a kọ́kọ́ yí ẹ́ńjìnnì láìsí iná, títí ọ́ìlì yóò fi dé gbogbo ibi tó yẹ. Bí ó bá tan, a kì í jẹ́ kí ó máa rọra mí nílẹ̀. Bí káàmù rẹ̀ bá jẹ́ tuntun, a ó mú un sáré níwọ̀n ìyípo 2,000 ní ìṣẹ́jú kan, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú ogún, kí káàmù náà àti àwọn tó ń rìn lórí rẹ̀ lè mọ ara wọn, ẹnì kan yóò sì dúró ti radíétọ̀ pẹ̀lú omi. Lẹ́yìn èyí ni a ó da ọ́ìlì náà nù, nítorí ìyẹ̀fun irin wà nínú rẹ̀.

Kí a wá ra ìwé kan tó nípọn, kí a fi sínú àpótí iwájú ìjókòó ọkọ̀ náà. Kí a kọ sínú rẹ̀ bí ihò písítìnnì ti fẹ̀ tó báyìí, ibi tí a ti gé irin àti ibi tí a ti rí irin tí a fi rọ́pò, irú ọ̀dà tó wà lára pátákó Fisher àti irú èyí tí a fi kùn ún, wáyà tí a yí padà, ọ̀nà bíréèkì tí a pín, orúkọ ọ̀gá tó ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti agolo tí àwọn bóòtù tó ṣẹ́ kù wà nínú rẹ̀.